Bàbá Onítìmùtìmù Ń Kí Ará Wọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Onítìmùtìmù jẹ́, ẹ lọ bi àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa sọ fún yín: bàbá yẹn mọ èèyàn kí. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tó ń tú àga àtijọ́, tó ń gbọn òwú ogbó àti eruku inú rẹ̀ dànù, tó sì ń ki òwú tuntun bọ inú tìmùtìmù. Káàkiri ìlú làwọn èèyàn ti ń jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jẹun níbẹ̀, tí wọ́n ń sùn lọ níbẹ̀, tí tọkọtaya ń bára wọn jà níbẹ̀. Eruku tó ń gbọ̀n jáde ńkọ́? Imú ara rẹ̀ ló ń gbà á wọlé.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń bá a rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo tìmùtìmù. Adájọ́ lorúkọ tí bàbá ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ fún ọmọ náà tí kò ní tú u wò. Bí ẹ bá ní ẹran ti tán nínú ìkòkò, á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun wo ìkòkò. Ó ti wọlé ọkọ, ó ti bímọ, ewú ti ń yọ níwájú orí rẹ̀, àmọ́ ìwà yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Bàbá a máa sọ fáwọn oníbàárà pé bí wọ́n bá fẹ́ parọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé àga wọn, kí wọ́n dúró dìgbà tí Adájọ́ bá jáde.

Ikọ́ bàbá kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ nílé débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kà á mọ́ ará ilé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mọ̀ pé bàbá ti dé, ìyàwó rẹ̀ á sì gbé omi kaná. Bàbá fúnra rẹ̀ ní eruku lásán ni, pé bí òun bá ti mu nǹkan gbígbóná, á lọ. Kò lọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ, ó fẹ́ gbé àga kan sórí tábìlì. Àga gòkè, èémí kò tẹ̀ lé e. Adájọ́ gbójú sókè lẹ́nu maṣíìnì, ó rí bàbá rẹ̀ tó di tábìlì mú, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí ètè rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tó lá yíǹkì. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sáré lọ dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì di èrò ọsibítù.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni wọ́n gbé e sí, yàrá gígùn kan tí bẹ́ẹ̀dì tò sí ọ̀tún àti òsì. Tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì wà ní ìpẹ̀kun kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sì kún àárín méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀dì kan dá dúró, tó ní ẹ̀rọ ńlá àti ìbòmú. Àwọn tí kò bá lè mí dáadáa mọ́ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Awakọ̀ kan tó wà lápá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ikọ́ bá ti fún un láyè, ló sọ bẹ́ẹ̀dì náà ní Ibùdókọ̀ Ìkẹyìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá Onítìmùtìmù náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé bàbá arúgbó kan lọ síbẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ló ń kọ sí apá ibẹ̀.

Wọ́n ki rọ́bà ọ́síjìn bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fún un ní oògùn kan tó ń rú bí èéfín kó máa fà á símú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó ń jókòó, ó ń mu tíì, ó ń bi Adájọ́ pé ta ló ń bójú tó àga tóun fi sílẹ̀ láìparí. Wọ́n yọ rọ́bà imú. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n fi ń há a níka, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí bàbá bá ti wà ní ìjókòó, ọ̀rọ̀ rere ni nǹkan náà ń sọ. Ìyàwó rẹ̀, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ọsibítù, ń pè lórí fóònù láràárọ̀, Adájọ́ á sì fọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ pé ara ti ń mókun.

Dókítà tó ń tọ́jú bàbá kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, á ti tẹrí ba, á ti béèrè bó ṣe sùn, á ti béèrè àwọn ará ilé. Ó sọ fún bàbá àti Adájọ́ pé fọ́tò tí wọ́n yà nínú àyà kò wu òun tó, pé ẹ̀dọ̀fóró bàbá ti gbó. Àmọ́ bí bàbá bá lè rìn láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì rìn padà, tí nọ́ńbà ìka rẹ̀ kò já wálẹ̀, òun á jẹ́ kó máa lọ sílé. Bàbá ní ìyẹn kò le. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù ṣe, ó sì gbéra.

Ẹ wá wo ìrìn. Kò tíì jìnnà tó fi dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìgbéyàwó ọmọ yín ńkọ́? Tíṣà bẹ̀rẹ̀: ìyàwó, àna, ọjọ́ tí wọ́n sún síwájú, aṣọ tí kò tíì jáde lọ́wọ́ aránṣọ. Bàbá ń mi orí. Nígbà tí tíṣà sọ tán, ó ní Ọlọ́run á ṣe é, ó sì kọjá. Ó tún dúró lọ́dọ̀ bíríkìlà kan tó wà níwájú, ó béèrè ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, kò tilẹ̀ nílò ìbéèrè, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń rojọ́ ọ̀gá tó ni ọkọ̀, láti orí taya dé orí jíà. Dókítà àti nọ́ọ̀sì dúró, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Ta ni wọ́n kọ́ nílé tó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbàlagbà méjì tó ń kíra wọn? Bàbá dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tún gba ọ̀dọ̀ gbogbo wọn padà, ó ń dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ti òde bọ̀. Nígbà tó jókòó, nọ́ọ̀sì wo ìka rẹ̀. Nọ́ńbà dára. Dókítà ní kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́, ọ̀la ni wọ́n máa lọ sílé.

Inú Adájọ́ dùn nígbà tí bàbá gbéra, àmọ́ ìdùnnú náà kò bá a dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá ló ń tẹ̀ lé pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tí àwọn tó dúró níwájú kò lè rí. Eegun èjìká bàbá ń lọ sókè sódò lábẹ́ ẹ̀wù. Ọwọ́ tó fi di irin bẹ́ẹ̀dì mú le koko. Gbogbo ìgbà tí tíṣà ń to ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bàbá kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Èémí ló ń wá. Ìgbà tí èjìká bá tó rọlẹ̀ ló máa ń ní Ọlọ́run á ṣe é, tó sì máa ń kọjá.

Adájọ́ wá rántí òpópónà wọn nílé. Ó ti tó ọdún kan tí bàbá ti di ẹni tó ń dúró lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn: lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ taya, lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ìwé ìròyìn. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sílé wá ń gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé títí, wọ́n ní àbí ó fẹ́ dupò káńsẹ́lọ̀ ni. Adájọ́ gan-an ló máa ń fajú ro jù, tó máa ń ní iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀, ẹ̀yin tún dúró síbi tẹ́ ẹ ti ń kí èèyàn. Ní báyìí ara rẹ̀ bù máṣọ. Gbogbo àdúgbò ń yin bàbá pé ọmọlúàbí ni, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé èémí ló ń tán nínú rẹ̀ láti ojúlé kan sí ìkejì. Òun tó ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ wò náà kò mọ̀.

Ó dúró títí dókítà fi lọ. Ó fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ ò kí wọn. Ẹ̀ ń sinmi ni.”

Bàbá wo òkè àjà.

“Ta lo ti sọ fún?”

“Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.”

“Má sọ. Jẹ́ kí n lọ sílé lọ́la, Adájọ́. Mo bẹ̀ ọ́.”

Bàbá tó bí i lọ́mọ ló ń bẹ̀ ẹ́ yìí. Ó ti pàṣẹ fún un rí, ó ti bá a wí, ó ti bá a ṣeré, kò bẹ̀ ẹ́ rí láyé. Adájọ́ ní òun ń lọ bu omi, ó gbé ike, ó sì dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún títí ike fi kún tí omi sì ń ṣàn lọ sílẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Bó bá dákẹ́, bàbá á lọ sílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nilé wọn wà, kò sì sí ẹni tó dúró sórí àtẹ̀gùn tí bàbá fẹ́ máa kí. Bó bá lọ sọ fún dókítà, ó ti tú àṣírí bàbá rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó kéré sí i, tó ń pè é ní sà, lẹ́yìn tí bàbá sì ti bẹ̀ ẹ́. Bàbá lè sẹ́, tí bàbá bá sì sẹ́, ta ló máa pe àgbàlagbà ní òpùrọ́ lójú ara rẹ̀? Nígbà tó fi máa bọ́jú tán, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Òun kò ní sọ nǹkan kan fún dókítà. Ara bàbá fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ó lọ bá dókítà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n tún mú bàbá rìn lọ́la kí àwọn tó máa lọ sílé. Dókítà wò ó lójú, kò béèrè ìdí. Ó ní òun gbà, nítorí fọ́tò àyà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn òun. Ó ku àwọn aláìsàn. Nígbà tí bàbá sùn lọ lọ́sàn-án, Adájọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò gùn: bí bàbá òun bá kí wọn lọ́la, kí wọ́n má dáhùn, kí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń sùn. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ ọmọ, ọmọ tí kò bá dáhùn ìkíni, ìta ló máa kúnlẹ̀ sí. Adájọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Tíṣà yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un nù, kò sì jiyàn mọ́. Bíríkìlà ní òun gbọ́. Ó wá ku awakọ̀.

“Àbúrò, kí n dákẹ́? Èmi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá.”

“Gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń gún mi níbí, kò sí èyí tó le tó báyìí.”

Àmọ́ ó gbà. Bàbá jí, inú rẹ̀ sì dùn títí di àṣálẹ́. Ó ní kí awakọ̀ rántí wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun á bá a ṣe tìmùtìmù ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, kí ìbàdí má baà máa ro ó mọ́. Awakọ̀ ní òun á wá. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Adájọ́ ń ká aṣọ bàbá sínú báàgì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé ohun tí òun sọ, kí wọ́n jẹ́ kí bàbá òun máa lọ. Kò lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá ti pè pé òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, òun sì ti ṣí fèrèsé. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ sílé, ó rí bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n jọ tún rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò janpata. Ó wọ sálúbàtà, ó gbéra, nọ́ọ̀sì sì ń tẹ̀ lé e, nǹkan ìka yẹn sì wà níka bàbá.

Ó dé ọ̀dọ̀ tíṣà, ó kí i kú àárọ̀. Tíṣà ti fi aṣọ bo orí. Bàbá fẹ́ dúró, àmọ́ ojú tì í láti dúró lé ẹni tó ń sùn lórí, ló bá kọjá. Bíríkìlà kọjú sí ògiri. Bàbá pè é, kò mira. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀. Awakọ̀ di ojú pinpin, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bàbá gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú.

“Dẹ́rẹ́bà,” ó ní, “ọ̀gá yín ńkọ́?”

Ohùn náà kò jáde dáadáa. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọ́ọ̀dù pa lọ́lọ́, gbogbo èèyàn sì wá gbọ́ èémí bàbá bó ṣe ń ha, bó ṣe ń súfèé, bó ṣe ń wá ọ̀nà tí kò rí. Kò sí ìtàn ìgbéyàwó tó máa bò ó mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá yíjú padà. Ó wo tíṣà, ó wo bíríkìlà, ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì.

“Adájọ́,” ó ní, “ìwọ ni.”

Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Dókítà gbá a mú lábẹ́ apá kó tó dé ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka nọ́ńbà ìka rẹ̀ tó ti já wálẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, kò tún un kà mọ́. Awakọ̀ ti lajú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ pé kí bàbá má bínú, òun gbọ́, òun gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tíṣà kò yọ orí jáde nínú aṣọ. Wọ́n gbé bàbá nílẹ̀, wọn kò sì gbé e padà sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n de ìbòmú mọ́ ọn lójú, ẹ̀rọ ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà bá Adájọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ká ní bàbá ti gun àtẹ̀gùn ilé wọn lónìí ni, ká má rí i. Ó ní eruku ọjọ́ pípẹ́ ti mú kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le, àìsàn tuntun sì tún gorí rẹ̀. Àwọn á ṣe gbogbo èyí táwọn lè ṣe, àmọ́ òun kò ní tàn án pé ó máa padà dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní kó pa fèrèsé dé, bàbá kò ní lè wá lónìí. Ìyá kò béèrè ìdí, ó kàn béèrè bóyá wọ́n ti fún un ní nǹkan gbígbóná mu.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá kò wo apá ibi tí Adájọ́ wà. Ó kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn ló kọ sí ọmọ rẹ̀. Adájọ́ tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, bàbá jẹ́ kó tún un ṣe bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ló ń tún un ṣe. Ó nu òógùn iwájú orí fún un. Ó sọ fún un pé ìyá kí i. Ìbá ṣe pé bàbá bá a wí, ìbá ṣe pé ó jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù, ìbá tẹ́ Adájọ́ lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dùn ún wọra. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Bàbá, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ lọ kú sórí àtẹ̀gùn.”

Bàbá yíjú sí i. Ó fi ìka gbé ìbòmú sókè. Nọ́ọ̀sì ké sí i láti ìdí tábìlì pé kó dá a padà, kò dá a padà.

“Inú ò bí mi.” Ó mí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí.” Ó tún mí. “Ó ti pẹ́ tó ti ń bà mí.”

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Adájọ́, irú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń bá aláìsàn sọ. Kò sí nǹkan kan. Ẹ máa gbàdúrà. Ẹ ó padà sílé láìpẹ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀, kò sì rí èyí tó lè wo bàbá lójú kó sọ níbẹ̀. Ó fa ìbòmú wálẹ̀ fún un, ó tún okùn rẹ̀ gbé kọ́ ẹ̀yìn etí.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà, bàbá.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀. Ó ń fà á, ó ń dúró sinmi lójú gbogbo èèyàn, ó tún ń fà á, títí àyè fi wà fún ọmọ rẹ̀ láti jókòó tì í.